Olóògbé Herbert Macaulay

Ní Èkó ni a bí Herbert Macaulay, ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, ọdún 1864. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni baba tí ó bí ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth. Nígbà tí ó dé ní 1893, Ìjọba fi í ṣe awọnlẹ̀. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá, àwa ará Ajílété, tí ààlà òyìnbó ti 1889 gba àárín àwọn ará wa kọjá, kò sì ṣàìmọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́. Ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, wọ́n ní Olóyè Olúwa kì í ṣe onílẹ̀ gan-an tí à ń san owó ilẹ̀ fún ní pípé. Macaulay bá Olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ọ̀pá àṣẹ Elékòó Èṣùgbàyí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1921 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu pé àwọn ará ìlú ni ó ni ilẹ̀, kí Ìjọba sì san owó rẹ̀ pé.

Ní 1923 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó ní 1923, 1928 àti 1933. Ṣùgbọ́n òun alára kò jókòó níbẹ̀ rí, nítorí wọ́n ti dá a lẹ́bi ní 1913 lórí owó tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ìdájọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ ì bá ti dún nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dà bí ẹni pé àìjókòó yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rọ̀.

Ní 1944 ó di ààrẹ NCNC, Azikiwe sì ṣe akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n ń rìn káàkiri ilẹ̀ wa ní 1946 láti tako òfin Richards, àìsàn kọlù ú ní Kánò. Wọ́n gbé e padà wá sí Èkó, ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún.