Gaspard Monge: ẹni tí ó sọ àṣírí àwòrán di ti gbogbo ènìyàn

Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, bí mọlémọlé bá fẹ́ kọ́ ilé alájà, ìwé àwòrán ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀. Lórí ìwé náà ni yóò ti rí ilé kan náà ní ọ̀nà méjì: bí ó ti rí fún ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀, àti bí ó ti rí fún ẹni tí ń wò ó láti òkè. Ó pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń ya irú àwòrán méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ tí wọ́n fi di ìmọ̀ tí a ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ni ará Faransé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gaspard Monge.

A bí Monge ní ìlú Beaune, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ní oṣù karùn-ún ọdún 1746. Bàbá rẹ̀ a máa kiri ọjà. Kì í ṣe ọlọ́lá, ṣùgbọ́n ó mọ iyì ẹ̀kọ́, ó sì fi àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà tí ó wà ní ìlú náà. Gaspard ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, wọ́n rán an lọ sí ìlú Lyon láti tẹ̀ síwájú. Kò ju ọmọ ọdún 17 lọ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1764, ó padà sí Beaune, ó sì pinnu láti ya àwòrán gbogbo ìlú náà. Kò ní irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tí ó lò. Ó wọn gígùn àwọn òpópónà, ó wọn àwọn igun wọn, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Àwòrán náà péye tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá ológun kan tí ó rí i fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Mézières, níbi tí ọba Faransé ti ń kọ́ àwọn tí yóò máa mọ odi ìlú.

Monge lọ sí Mézières pẹ̀lú ìrètí. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ le: ọmọ ọlọ́lá nìkan ni ó lè di ọ̀gá níbẹ̀. Ọmọ akirijà kò lè gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí, níbi tí àwọn ayàwòrán àti àwọn agbẹ́kùúta ti ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ọmọ ọlọ́lá a máa pe ẹ̀ka náà ní Gâche, orúkọ ẹ̀gàn tí ó jẹ mọ́ pípo ẹfun ìrẹ́lé. Wọ́n yin ọwọ́ Monge, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í ní ohun tí ó wà ní orí rẹ̀. Èyí dùn ún gidigidi.

Ohun èlò ayàwòrán ìgbà náà kò pọ̀. Igi ìfàlà ń mú kí ìlà gún. Igi onígun mẹ́ta ń mú kí ìlà dúró ṣánṣán lórí ìlà mìíràn, bí ògiri ti í dúró lórí ilẹ̀. Kọ́ńpáàsì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń ya òbìrí, ó sì ń gbé ìwọ̀n láti ibì kan lọ sí ibòmíràn láìdín, láìlé. Kálàmù àti tàdáwà ni ó kù. Àwọn ohun wọ̀nyí ni Monge fi ṣí ilẹ̀kùn tí a ti mọ́ ọn lójú.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n fún un ní iṣẹ́ odi kan. Ó ní láti wá bí ògiri odi náà yóò ti ga tó, kí ọ̀tá tí ó bá gun òkè ìtòsí má baà rí inú rẹ̀, kí ó má sì lè yìnbọn sí i. Ìṣirò gígùn tí ó máa ń gba ọjọ́ púpọ̀ ni àwọn ọ̀gá ń fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Monge fi àwòrán nìkan ṣe é, kíákíá. Ọ̀gá tí ó gbé iṣẹ́ náà fún un kọ́kọ́ kọ̀ láti wò ó, nítorí kò gbà pé ènìyàn lè yára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n náà kò ṣòroó lóye. Ẹ jẹ́ kí a mú igi òrùlé kan tí ó dagun láti igun ilé lọ sí téńté òrùlé. Bí a bá wò ó láti iwájú, ó kúrú ju bí ó ti rí lọ. Bí a bá wò ó láti òkè, ó tún kúrú. Monge ya àwòrán iwájú sókè, ó ya ti òkè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé kan náà, ó sì fa ìlà tí ó dúró ṣánṣán láti igun kọ̀ọ̀kan dé ìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi kọ́ńpáàsì gbé gígùn igi náà láti inú àwòrán òkè, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gbé gíga òrùlé dúró ní òpin rẹ̀. Ìlà tí ó so orí àwọn méjèèjì pọ̀ ni gígùn igi náà gan-an. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè gé igi rẹ̀ láìfi ẹyọ kan ṣòfò.

Wọ́n fi Monge ṣe olùkọ́ ní Mézières, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọgbọ́n rẹ̀ di àṣírí ológun. Kò gbọdọ̀ kọ́ ẹlòmíràn ní òde. Àṣírí náà wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún.

Ní ọdún 1789, ìjọba ọba bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Monge fara mọ́ ìyípadà náà. Ó di mínísítà ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1792, ó sì kọ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní bí a ti ń rọ àgbá ogun. Ní ọdún 1794, ó wà lára àwọn tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a mọ̀ sí École polytechnique sílẹ̀. Ìdánwò ni ó ń mú ènìyàn wọ ibẹ̀, kì í ṣe orúkọ bàbá. Ní ọdún 1795, ní Paris, ó tú àṣírí náà síta níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí àwọn náà yóò di olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀kọ́ náà ni àwọn Faransé ń pè ní géométrie descriptive. Ní ọdún 1799, ó jáde ní ìwé.

Monge bá Bonaparte lọ sí Íjíbítì ní ọdún 1798, ó sì gba oyè ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bonaparte ṣubú tí ọba padà sórí ìtẹ́, wọ́n yọ orúkọ Monge kúrò láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1816. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù keje ọdún 1818. Ìjọba kò gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École polytechnique bá wọn sin ín. Wọ́n dúró títí àyè fi gbà wọ́n, wọ́n sì lọ fi òdòdó sí orí ibojì rẹ̀. Ní ọdún 1989, Faransé gbé egungun rẹ̀ lọ sí Panthéon, níbi tí wọ́n ń tẹ́ àwọn ẹni ńlá orílẹ̀-èdè náà sí.

Àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní Mézières ti di ẹni ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí mọlémọlé tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà bá ti tẹ́ àwòrán sílẹ̀, tí ó fi igi ìfàlà wọn ìlà, ọgbọ́n ọmọ akirijà ni ó ń lò.