George Boole, Onímọ̀ Ìṣirò

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1815 ni a bí George Boole ní ìlú Lincoln, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàtà ni John Boole, bàbá rẹ̀, ń ṣe tà, ṣùgbọ́n ọkàn bàbá náà kò sí lára bàtà rárá. Ìṣirò ni ó fẹ́ràn, àti awò tí a fi ń wo òṣùpá àti ìràwọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣòwò báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àpò rẹ̀ kò lè wú. Ogún tí ó fi fún ọmọ rẹ̀ kò ju ìfẹ́ ìmọ̀ lọ.

Owó kò sí láti fi rán George lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan tí ń tàwé ni ó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ èdè Látìn. Ní ti èdè Gíríìkì, Faransé àti Jámánì, òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tì wọ́n títí wọ́n fi yé e. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó túmọ̀ ewì Gíríìkì kan, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ìlú wọn. Olùkọ́ kan jiyàn pé irọ́ ni, pé ọmọ kékeré kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, n kò mọ ìyìn tí ó ju èyí lọ fún ọmọdé.

Kò pẹ́ tí òwò bàbá rẹ̀ fi dẹnu kọlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni George nígbà tí ó di olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ní Doncaster, kí ebi má baà pa àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ra ìwé ìṣirò, nítorí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, irú ìwé bẹ́ẹ̀ a sì máa pẹ́ ju òmíràn lọ kí a tó kà á tán. Ní ọdún 1834 ó dá ilé-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lincoln. Ó gbèrò láti lọ sí Yunifásítì Cambridge, ṣùgbọ́n bí ó bá lọ, ta ni yóò bọ́ àwọn ará ilé? Kò lọ mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1844, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn tí à ń pè ní Royal Society fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Ní ọdún 1849 a fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Queen's College ní Cork, ní ilẹ̀ Ireland, òun tí kò ní ìwé-ẹ̀rí yunifásítì kankan.

Ní Cork ni ó ti kọ ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1854. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé ìrònú ènìyàn ní òfin, àti pé a lè fi ìṣirò kọ òfin náà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ewúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Kí x dúró fún gbogbo ohun dúdú, kí y sì dúró fún gbogbo ewúrẹ́. X lọ́nà y yóò jẹ́ ewúrẹ́ dúdú. Bí a bá wá ṣa ohun dúdú láàárín ohun dúdú ńkọ́? Ohun dúdú náà ni. Nítorí náà x lọ́nà x kò ju x lọ. Nínú gbogbo iye tí à ń kà, méjì péré ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀: 0 àti 1. Boole fi 0 dúró fún òfo, ó fi 1 dúró fún ohun gbogbo. Bí ó bá sì fẹ́ sọ pé èyí tàbí ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjèèjì pọ̀, báyìí ni ó ń kọ ọ́: x(1−y) + y(1−x). Ẹ fi í sọ́kàn.

Ní ọdún 1855 ó gbé Mary Everest níyàwó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin márùn-ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò láti ilé rẹ̀ ní Ballintemple lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú aṣọ tútù. Òtútù àyà mú un. A ròyìn pé ìyàwó rẹ̀ gbàgbọ́ pé ohun tí ó fa àìsàn ni í wò ó, ó sì fi aṣọ ìbùsùn tútù wé e. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ni Boole kú, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò tí ì pé ọmọ ọdún kan.

Àwọn onímọ̀ díẹ̀ ń ka òfin rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kò bìkítà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ní 1937, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Claude Shannon, fi hàn pé ipò méjì ni súìṣì iná ní: bí a bá tàn án, 1 ni, bí a bá pa á, 0 ni. Bí a bá to súìṣì méjì tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà iná kan, iná kò ní tàn àfi bí a bá tan méjèèjì. Bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan tó. Irú ètò kékeré báyìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní géètì.

Ẹ wo iṣẹ́ kan tí géètì ń ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ń fi 0 àti 1 kà, 3 ni 011, 4 sì ni 100. Ká ní ẹ̀rọ ń ka bí kẹ̀kẹ́ kan ti ń yí, tí kẹ̀kẹ́ náà kúrò ní 3 bọ́ sí 4, àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 1 tuntun bá dé kí méjì àtijọ́ tó lọ, 111 ni ẹ̀rọ yóò kà, èyí tí í ṣe 7! Ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn wà tí a fi orúkọ Frank Gray pè, ẹni tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ní ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1953. Níbẹ̀, 3 ni 010, 4 ni 110. Àmì kan ṣoṣo ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò ṣe ìròpọ̀ ń fẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí náà a ní láti fi ògbufọ̀ sí àárín.

Ẹ mú 110 ti Gray. Ẹ kọ àmì àkọ́kọ́ bí ó ti wà: 1. Ẹ fi èyí tí ẹ kọ wé àmì kejì ti Gray. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ kọ 1, bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ kọ 0. Wọ́n dọ́gba: 0. Ẹ fi 0 yìí wé àmì kẹta. Wọ́n tún dọ́gba: 0. Ó di 100, èyí tí í ṣe 4. Géètì méjì péré ni ó ń ṣe gbogbo ìyẹn, òfin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń tẹ̀ lé ni x(1−y) + y(1−x), gẹ́gẹ́ bí ọmọ aṣebàtà ti kọ ọ́ ní Cork.