Carl Linnaeus, Ẹni tí ó Sọ Kòkòrò Lórúkọ

Bí a bá tan fìtílà ní alẹ́ ní Ìrẹ̀lẹ̀, onírúurú kòkòrò ni í fò wá yí iná náà ká. Àfòpiná ni a ń pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni irú wọn kò sì lóǹkà. Ọkùnrin tí ó kọ́ ayé bí a ti í fún irú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ ni Carl Linnaeus.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1707 ni a bí i ní abúlé Råshult, ní ilẹ̀ Sweden. Àlùfáà ni baba rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà jogún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ewé àti òdòdó ni ọkàn Carl fà sí. Nígbà tí àwọn olùkọ́ sọ pé kò yẹ fún iṣẹ́ àlùfáà, inú baba rẹ̀ bàjẹ́. Dókítà kan tí ń jẹ́ Rothman ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn.

Ní ọdún 1728 ó dé yunifásítì Uppsala. Ìṣẹ́ bá a jà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tẹ́ bébà sínú bàtà rẹ̀ tí ó ti lu. Ní ọdún kejì, ọ̀mọ̀wé àgbà kan, Olof Celsius, bá a nínú ọgbà ewéko, ẹnu yà á sí ìmọ̀ rẹ̀, ó sì gbà á sí ilé.

Ní ọdún 1735 Linnaeus tẹ ìwé rẹ̀, Systema Naturae, jáde ní ilẹ̀ Holland. Ṣáájú àkókò rẹ̀, orúkọ ewéko kan ṣoṣo lè gùn bí odidi gbólóhùn. Nínú ìtẹ̀jáde kẹwàá, ní ọdún 1758, ó fún ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì péré: ti ìdílé rẹ̀ àti ti òun fúnra rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Linnaeus rí àwọn àfòpiná kan tí apá òkè wọn rí bí èèpo igi, ṣùgbọ́n tí apá ìsàlẹ̀ wọn pupa pẹ̀lú ọ̀já dúdú, bí aṣọ ìgbéyàwó tí a fi ẹ̀wù àtijọ́ bò. Ó fi èdè Látìn pe ọ̀kan ní pacta, èyí tí a ti bá ṣe àdéhùn. Ní ọdún 1767 ó pe òmíràn ní sponsa, àfẹ́sọ́nà, ó sì pe ẹ̀kẹta ní nupta, ìyàwó.

Ní ọ̀sán, nupta a lẹ̀ mọ́ igi, ẹyẹ a sì kọjá láìrí i. Bí ewu bá dé, a ṣí apá òkè lójijì. Pupa ìsàlẹ̀ a yọ, ẹyẹ a ta gìrì, òun a sì ráyè sá lọ. Ẹyin tí ó yé sí ara igi a la ìgbà òtútù Yúróòpù já, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ a jáde láti jẹ ewé igi willow àti poplar.

Linnaeus kó gbogbo àfòpiná wọ̀nyí sí ìdílé ńlá kan, Phalaena. Ní ọdún 1802 Schrank yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, ó pe ìdílé wọn ní Catocala, èyí tí ó jẹ́ arẹwà ìsàlẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Orúkọ ìdílé yí padà; nupta dúró títí di òní.

Linnaeus kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1778. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Smith, ra àwọn ìwé àti kòkòrò rẹ̀ ní ọdún 1784, wọ́n sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ọmọ tí a ní kò yẹ fún iṣẹ́ baba rẹ̀ ni gbogbo ayé di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, nítorí pé ó fi sùúrù wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń tẹ̀ kọjá.