Caroline Herschel: Ọmọ tí wọ́n fi sídìí ààrò, tó wá dẹni tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run

Láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti ń palẹ̀ mọ́, tí ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku rẹ̀ dé, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan máa ń gòkè sí ojú ọ̀run Ado-Ekiti lóru. Ojú lásán kò lè rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé awò tí a fi ń wo ohun tó jìnnà, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní tẹlisíkóòpù, jáde sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìyìn, ní Ìgèdè tàbí ní Arámọ̀kọ, níbi tí iná kò ti pọ̀, yóò rí i bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ tó nà gbọọrọ. Ó jìnnà débi pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọdún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. NGC 253 ni wọ́n ń pè é. Obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti pinnu pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò jẹ́ títí ayé rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Caroline Herschel ni orúkọ rẹ̀.

Ìlú Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 1750. Isaac, bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tó ń fọn fèrè fún àwọn ọmọ ogun. Ilẹ̀ẹ́gbóná fi àpá sí i lójú ní kékeré. Nígbà tó sì pé ọmọ ọdún 10, ibà burúkú kan dá a dùbúlẹ̀, kò sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti díẹ̀ lọ títí tó fi kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ gbà pé kò ní rí ọkọ fẹ́. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó kàwé, a sì máa yọ́ kọ́ ọ ní orin, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ilé ni ìyá rẹ̀ ń wá. Ọdún 1767 ni bàbá kú, ìrètí ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a wọlẹ̀.

William, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló yọ ọ́. William ti ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ orin ló ń ṣe jẹun ní ìlú Bath. Ní ọdún 1772, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ, lẹ́yìn tó gbà láti máa fún ìyá wọn lówó lọ́dọọdún kó lè fi gba ọmọ ọ̀dọ̀ mìíràn. Ní Bath, Caroline kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti orin kíkọ, ohùn rẹ̀ sì gba àdúrà lójú àwọn olórin.

Kò pẹ́ tí ìràwọ̀ fi gba William lọ́wọ́ orin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dígí onírin fún awò, ó ń lọ̀ ọ́, ó sì ń dán an. Ẹni tó bá ń dán irú dígí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ìgbà kan wà tó fi tó wákàtí 16. Caroline ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Òun náà ló ń gún ìgbẹ́ ẹṣin tí wọ́n fi ń mọ ohun tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí. Láti ẹ̀yìnkùlé wọn ni William ti rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 1781. Ọba George Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í san 200 pọ́n-ùn fún un lọ́dún, wọ́n sì kó lọ sí Datchet, nítòsí ààfin Windsor, ní ọdún 1782.

Níbẹ̀ ni Caroline ti ń lo awò kékeré tirẹ̀, tó ń wo ojú ọ̀run ní ìpele-ìpele bí ẹni ń gbá àgbàlá. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1783, ó rí NGC 253. Ní Datchet, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ yìí kì í gòkè púpọ̀ kúrò lórí igi. Ní Ado-Ekiti, ó máa ń kọjá ìdajì ọ̀nà sí àtàrí ẹni. Charles Messier, ará Faransé, ti kọ orúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó lé díẹ̀ ní 100 sílẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò sí níbẹ̀. Lójú wọn nígbà náà, ìkùukùu ojú ọ̀run ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni aráyé tó mọ̀ pé àwọn kan jẹ́ afẹ́fẹ́ àti eruku, àwọn mìíràn sì jẹ́ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó dá dúró.

Ohun tí Caroline rí wà lára ohun tó sún William láti dojú awò ńlá kọ iṣẹ́ yìí ní oṣù kẹwàá ọdún náà. William a dúró nídìí awò nínú òkùnkùn, nítorí pé ojú tó bá wo fìtílà kò tún ní tètè rí ohun tó ṣókùnkùn. Caroline a jókòó sẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú fìtílà, aago àti ìwé, a sì máa kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ké sí i. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a tún gbogbo rẹ̀ ṣírò. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1783, bó ti ń sáré nínú yìnyín láti ṣe ohun tí wọ́n rán an, ìkọ́ irin kan wọ ọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì já ẹran níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é títí wọ́n fi kọ 2,500 sílẹ̀ ní ọdún 1802. Orúkọ William nìkan ló wà lórí ìwé náà.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ọwọ́ bo òṣùpá mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹjọ, ọdún 1786, nígbà tí William wà ní Jámánì, Caroline dá rí ìràwọ̀ onírù kan. Láàrin ọdún náà sí ọdún 1797, 8 ni ó rí. Ní ọdún 1787, ọba bẹ̀rẹ̀ sí í san 50 pọ́n-ùn fún un lọ́dún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ní owó tó lè pè ní tirẹ̀.

William gbéyàwó ní ọdún 1788, Caroline sì kó jáde lọ gba yàrá níta. Bí ọ̀ràn náà ṣe dùn ún tó, a kò lè mọ̀ láti ẹnu rẹ̀, nítorí pé ó ba ìwé tó kọ nípa nǹkan bí ọdún 10 tó tẹ̀ lé e jẹ́. Síbẹ̀, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí William kú ní ọdún 1822, ó padà sí Hanover, ó sì tún gbogbo àkọsílẹ̀ ìkùukùu wọ̀nyí tò, kí John, ọmọ William, lè tún wọn wò. John lo iṣẹ́ náà, ó sì lọ sí Gúúsù Áfíríkà láàrin ọdún 1834 sí 1838 láti wo apá ojú ọ̀run tí a kì í rí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí iṣẹ́ ìdílé yìí ni wọ́n kọ́ ìwé ọdún 1888 lé, èyí tó fún NGC 253 ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ní ọdún 1828, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Caroline ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Kò tún sí obìnrin mìíràn tó gbà á títí di ọdún 1996, nígbà tí wọ́n fún Vera Rubin ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Caroline kú ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 1848, lẹ́ni ọdún 97.

Èkìtì ń fi ìwé yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe owó ọmọ ọ̀dọ̀ tí William san, ìdí ààrò ni ìgbésí ayé Caroline ì bá parí sí, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ ohun tí a pàdánù. Kí òbí tó ní ọmọbìnrin tó ń béèrè ohun tó wà lójú ọ̀run ronú lórí èyí kó tó dá a padà sídìí ìkòkò.