Fabre, tíṣà tó jókòó ti agbọ́n

Ẹ wo igi àjà ilé àtijọ́, láti Ọ̀wọ̀ dé Ìfọ́n, ẹ ó rí ihò kéékèèké lára rẹ̀, àti agbọ́n tín-ín-rín tó ń wọlé jáde. Kíá la ó ní agbọ́n ló ba igi jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìdin kòkòrò ajẹgi ló jẹ ihò yẹn. Nígbà tó dàgbà, ó fò lọ. Agbọ́n kàn gba ilé òfìfo ni. Á kó aláǹtakùn tàbí kòkòrò ewé síbẹ̀, á yé ẹyin, á fi ẹrẹ̀ dí i. Nílé wa, wọ́n da kẹrosíìnì sí ihò agbọ́n lára férémù ilẹ̀kùn. Agbọ́n kú, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun igi ṣì ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Jean-Henri Fabre. Wọ́n bí i ní Saint-Léons, nílẹ̀ Faransé, lóṣù Kejìlá ọdún 1823. Tálákà làwọn òbí rẹ̀. Ìdánwò ló ṣe tó fi rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ní Avignon. Kò tí ì pé ogún ọdún tó ti ń kọ́ni.

Ọ̀mọ̀wé ńlá kan, Léon Dufour, ti sọ pé òkú ni kòkòrò tí agbọ́n kan ń kó sínú ihò rẹ̀, pé oró agbọ́n ni kì í jẹ́ kó rà. Fabre ò bá a jiyàn lẹ́nu. Ó jókòó ti agbọ́n nínú oòrùn, ó sì rí i pé kòkòrò náà ò kú: agbọ́n ta á níbi tí kò fi ní lè rìn mọ́, kí ọmọ agbọ́n lè rí ẹran tútù jẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1855. Nígbà tó yá, ó to esùsú àti ọ̀pá gíláàsì sílẹ̀ fún oyin kan tó máa ń gbé inú ihò tí ẹlòmíì ti gbẹ́, ó sì ń wo bó ṣe ń kọ́lé.

Ìyà jẹ ẹ́. Ó ṣàlàyé fáwọn ọmọbìnrin bí òdòdó ṣe ń di èso, àwọn kan bínú, iṣẹ́ bọ́, wọ́n lé e kúrò nílé. John Stuart Mill, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló yá a lówó. Lọ́dún 1879, ó kó lọ sí Sérignan, ó ra ilẹ̀ olókùúta. Ó kọ ìwé mẹ́wàá nípa kòkòrò kó tó kú lóṣù Kẹwàá ọdún 1915, lẹ́ni ọdún 91.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, tí ìyẹ̀fun bá ń dà láti ara igi ilé yín, ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n pe káfíńtà wá wo igi náà. Ẹ fi agbọ́n sílẹ̀.