Johann Gutenberg, Atẹ̀wé Ìlú Mainz

Ní ilẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́, oríṣiríṣi oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó wà ní ìlú: alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, aláwọ, oníkálukú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni adàwékọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ni yóò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, òun yóò sì jókòó ti kálámù àti tàdáwà, yóò máa wo ìwé kan kọ òmíràn. Bíbélì kan ṣoṣo lè gbà á ní ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abájọ tí ìwé fi wọ́n bí ojú.

Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ni ó yí iṣẹ́ yìí padà. Ìlú Mainz, létí odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì, ni a gbé bí Johann Gutenberg ní nǹkan bí ọdún 1400. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1434 ó ti wà ní Strasbourg, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bí a ti í dán òkúta iyebíye. Òun àti àwọn kan jọ dáwó lé ṣíṣe dígí kéékèèké tí wọn yóò tà fún àwọn tí ń lọ jọ́sìn ní Aachen. Àjàkálẹ̀ àrùn dé, wọ́n sún àjọ̀dún náà síwájú di ọdún 1440, owó wọn sì há. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn kú, tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì pe Gutenberg lẹ́jọ́. Ó jàre ní tirẹ̀.

Ní ọdún 1448 ó ti padà sí Mainz. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ó ṣe níbẹ̀ rèé. Ó gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí orí irin líle, ó sì fi òòlù gbá irin náà mọ́ bàbà, kí ojú lẹ́tà lè wọ inú rẹ̀. Ó yọ́ òjé, tánganran àti antimony pọ̀, ó dà wọ́n sí ojú náà. Bí wọ́n bá ti tutù, lẹ́tà kan délẹ̀. Wọ́n a to àwọn lẹ́tà di ọ̀rọ̀, wọ́n a fi tàdáwà olóròóró kùn wọ́n, wọ́n a tẹ́ bébà lé wọn, wọ́n a sì fi ẹ̀rọ tí ó jọ ìfúntí èso àjàrà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n a tú lẹ́tà palẹ̀, wọ́n a tún fi to ojú ìwé mìíràn. (Àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà ti ń to lẹ́tà tẹ ìwé ṣáájú rẹ̀, ní Yúróòpù ni iṣẹ́ tirẹ̀ ti jẹ́ tuntun.)

Ṣùgbọ́n òjé kì í ṣe ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bébà. Ní ọdún 1450 ó yá 800 gulden, owó wúrà ìgbà náà, lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Johann Fust, ó sì fi àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ dógò. Ní 1452 Fust tún mú 800 wá. Owó yìí ni wọ́n fi tẹ Bíbélì ńlá alápá méjì, nǹkan bí 180 ẹ̀dà, tí ìlà 42 wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn abala ojú ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ náà ń parí lọ ni Fust gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1455. Pẹ̀lú èlé, ohun tí ó béèrè ti ju 2,000 lọ. Fust ni ẹjọ́ náà gbè.

N kò ní bú Fust. Owó rẹ̀ ni ó béèrè. Ohun tí ó ká mi lára ni Peter Schöffer, adàwékọ tẹ́lẹ̀, tí ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Gutenberg, tí ó sì dúró ti Fust lọ́jọ́ ẹjọ́. Ní ọdún 1457 ìwé Sáàmù kan jáde tí ó lẹ́wà púpọ̀, orúkọ Fust àti ti Schöffer ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwé títẹ̀ kan tí ó kù títí di òní tí Gutenberg fi orúkọ ara rẹ̀ sí.

Ní ọdún 1465, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìlú Mainz fi í sí ara àwọn ará ààfin rẹ̀, kí ó máa gba aṣọ, ọkà àti ọtí wáìnì lọ́dọọdún. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 1468. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀mọ̀wé kan, Konrad Humery, ti gba àwọn lẹ́tà òjé àti irinṣẹ́ tí olóògbé fi sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé òun ni ó ni wọ́n.