OMIDAN LOTTIE DOD, AKỌNI ORÍ PÁPÁ TẸ́NÍÌSÌ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn òǹkàwé wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Wimbledon ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọ̀gá nínú eré tẹ́níìsì ti ń pàdé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ti gba ipò kìíní àwọn obìnrin níbẹ̀ rí. Omidan Charlotte Dod ni, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Lottie, òun ni a sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 24 oṣù September, ọdún 1871, ní Bebington, ní ẹkùn Cheshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Oníṣòwò òwú ni bàbá wọn ní Liverpool, nígbà tí ó sì kú ní 1879, ogún tí ó fi sílẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tí ó níláti ṣiṣẹ́ kí ó tó jẹun. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́, nítorí ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ kì í ráyè lo ọjọ́ rẹ̀ lórí pápá. Nínú ọgbà ilé wọn ni Lottie ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré.

Ní 1887 ó lọ sí Wimbledon, ó sì kojú Omidan Blanche Bingley tí ó gba ipò kìíní ní ọdún tí ó ṣáájú. Ayò 6 sí 2 ni ó fi gba abala kìíní. Ní abala kejì, 6 sí òdo ni. Láti ìgbà náà wá, kò sí ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ tí ó gba ipò náà ní ìdíje ẹnìkọ̀ọ̀kan.

Àwọn obìnrin ayé ìgbà náà ń fi yẹ̀rì gígùn àti àmúdì líle gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n Lottie jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, a sì gbà á láàyè láti wọ èyí tí kò kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wí pé aṣọ ni ó bá a jà. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1888 ó tún borí. Ní 1889 ó wà lórí ọkọ̀ ní etí òkun Scotland, kò wá, bẹ́ẹ̀ ni kò wá ní 1890. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà wá ní 1891, tí ó ti dàgbà, tí àyè ọmọ ilé-ìwé kò sí fún un mọ́, ó gba ipò náà ní ọdún mẹ́ta léraléra. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé a máa sáré súnmọ́ àwọ̀n, a sì máa gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó kanlẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin kò sábà ń ṣe.

Ẹni kan náà ni ó ṣẹ́gun ní ẹ̀ẹ̀márààrún, Omidan Bingley, tí ó di Ìyáàfin Hillyard ní 1887. Àánú ìyá yìí ṣe wá. Ní 1893 ó gba abala kìíní, 8 sí 6, ṣùgbọ́n Lottie gba méjì tí ó kù. Lẹ́yìn èyí Lottie fi ìdíje náà sílẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún, Ìyáàfin Hillyard sì gba ipò náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí i.

Ọkùnrin pàápàá mọ agbára rẹ̀. Ní Exmouth ní 1888, ó bá Ernest Renshaw díje, ẹni tí ó gba ipò kìíní àwọn ọkùnrin ní Wimbledon lọ́dún náà. Renshaw fún un ní 30 nínú ayò kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó gba abala kan lọ́wọ́ rẹ̀, agbára káká ni ọkùnrin náà sì fi borí, 7 sí 5 lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn tẹ́níìsì, ó gbá họ́kì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ipò kìíní àwọn obìnrin nínú gọ́ọ̀fù ní Troon ní 1904, ó sì gba fàdákà nínú ọfà títa ní Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù ní 1908, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ William ti gba wúrà láàrin àwọn ọkùnrin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ó gbọgbẹ́.

Kò lọ́kọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù June, ọdún 1960, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, ó ń fetí sí ìròyìn ìdíje Wimbledon lórí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì kú.